Ìjàpá Tí Ojú Rẹ̀ Kan Ń Wo Ọ̀run

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù wọ ọgbà wa ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kò ní parí sí ẹnu. Aṣọ ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́. Kí n tó dé ibi tí wọ́n wà, wọ́n ti ń so okùn mọ́ imú ọkọ̀.

Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, èyí kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọkọ mi ti ń wà á kí ó tó fẹ́ mi. Inú rẹ̀ náà ló kú sí lọ́nà Oǹdó, nígbà tí lọ́rì kan fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, tó gbá wa lápá òsì níbi tí ọkọ mi jókòó sí. Èmi gba ilẹ̀kùn kejì jáde, ọwọ́ mi kan ló kán.

"Ìyàwó, yàgò lọ́nà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Irin tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ kì í bá èèyàn gbélé."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, lọ́rì ló pa á."

"Lọ́rì ọ̀hún dà? Èyí tó wà nílẹ̀ là ń wí."

Ọ̀kan nínú àwọn onírin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Mo ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú agboolé, pé báwo ni ọkọ ṣe kú tí ìyàwó yè. Bí wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ náà lọ bí apààyàn, èmi tí mo yè nínú rẹ̀ ni yóò kàn. Mo lọ jókòó sórí búńpà rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mi ò dìde.

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ wọ́ opó nílẹ̀ lójú àlejò. Ó ní ó di ọjọ́ ìrántí ọdún kan, tí ẹbí yóò pín ogún. Bí ọkọ̀ náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì lọ́jọ́ náà, ó di ti àwọn ọmọ mi. Bí kò bá jáde, onírin ni yóò gbé e.

Mo ránṣẹ́ pe panẹbítà tó máa ń tún ara ọkọ̀ náà ṣe fún ọkọ mi, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn Sábó. Ó yí ọkọ̀ ká, ó sì dá òòlù padà sínú àpò.

"Mọ́mì, èmi ò ní lu èyí o."

"Ṣé kò ṣeé lù mọ́ ni?"

"Ó ṣeé lù. Ibi tí èèyàn kú sí, àwa kì í fi òòlù kàn án. Bí mo bá lù ú, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi? Ẹ wá ilẹ̀kùn àti àwọn páànù iwájú mìíràn wá. Màá tú èyí kúrò, màá gbé ìyẹn wọ̀ ọ́."

"Níbo ni wọ́n ti ń tà á?"

"Wọn ò tà á mọ́. Ẹ̀yìnkùlé onílé ni kí ẹ máa wò."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé onílé nìyẹn. Ní nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1990 ni, Ìjàpá tí àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń gùn tẹ́lẹ̀ ti ń hu koríko kiri ìlú. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, torí mi ò tíì lè wọ ọkọ̀ kankan. Bí táyà bá dún lẹ́yìn mi, gọ́tà ni mo máa ń bọ́ sí.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kí n tú ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan àga ẹ̀yìn, adìyẹ òun ń sàba lórí rẹ̀. Ní Ìlódè, mo rí bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí kànga ìyá àgbà kan.

"Ìyá, ìdérí kànga yín yìí, bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ṣé ìwọ lo ni ín ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ tọrọ rẹ̀ ni."

"Kí ọmọ-ọmọ mi já sí kànga torí pé ìwọ fẹ́ gun mọ́tò?"

Mo ní kí káfíńtà kan pákó pọ̀ ṣe ìdérí mìíràn, kó fi páànù bò ó. Nígbà tí mo gbé e dé, ìyá náà gun orí rẹ̀, ó fò sókè fò sílẹ̀, kó tó ní kí n máa gbé tèmi lọ.

Fẹ́ńdà, ìyẹn ìbòrí táyà iwájú, ló pẹ́ jù. Èyí tí mo rí, ti Ìjàpá àtijọ́ ni. Iná iwájú rẹ̀ dẹ̀yìn, ó kọjú sókè, tiwa nàró.

"Mọ́mì, ojú kan á máa wo ọ̀run o," ni panẹbítà wí.

"Jẹ́ kó máa wò ó. Ṣáà gbé e wọ̀ ọ́."

Ìkánjú mi ló jẹ́ kó kọ́kọ́ de fẹ́ńdà. Nígbà tó fi ilẹ̀kùn kọ́, etí ilẹ̀kùn ń họ fẹ́ńdà, kò sì pa dé. Ó tú gbogbo rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ni à á kọ́kọ́ fi kọ́, kí ìyókù máa wo ojú rẹ̀. Mo fi itan gbé ilẹ̀kùn náà dúró, ó ń yí nọ́ọ̀tì, ó ń ki páálí bọ àlàfo láti mọ̀ bóyá ó dọ́gba. Ọwọ́ mi tó kán rí ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn jẹ́ àwọ̀ ewé, bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa, fẹ́ńdà funfun, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Panẹbítà fẹ́ kùn ún. Mo kọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí rí i pé èyí tó pa ọkọ mi lára ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá wò ó. "Ìyàwó, egúngún alákìísà lo gbé dúró yìí?"

"Bọ̀dá, kó ṣáà ti lè jó."

Lọ́jọ́ ìpín ogún, ẹbí pé jọ síwájú ilé. Ọkọ̀ àwọn onírin ti dúró sí géètì. Panẹbítà ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná, òun la jọ sọ pé yóò wà á.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí fún un. Ó yíjú sí mi. "O ní ọkọ̀ yìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìwọ wọ̀ ọ́ ká wò ó."

Panẹbítà sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà nígbà kan lórí pápá ilé ìwé. Mo jókòó síbi tí ó máa ń jókòó sí, mo fa ilẹ̀kùn, ó pa dé gbàm. Mo wà á jáde ní géètì. Mo lè yí padà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò yí padà. Mo wà á dé Ẹnuwá níwájú ààfin, mi ò kọjá jíà kejì, mo fọn fèrè mọ́ gbogbo ẹni tó ń nàka sí ojú rẹ̀, mo sì wà á padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n ń dúró ní géètì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀kùn náà jẹ́ẹ́, ó sì kọjú sí àwọn onírin.

"Ẹ máa lọ. Ti àwọn ọmọ ni."

"Ẹ̀yin lẹ pè wá, bàbá."

"Mo ní ẹ máa lọ."

Wọ́n ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n wá jẹun. Mi ò pa á. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá pa á, ó lè má jí mọ́ lójú wọn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ iná kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú, títí ọkọ̀ àwọn onírin fi yà kúrò lójú ọ̀nà wa.