Ọṣẹ Ọ̀rá Màlúù Tí A Sè ní Osdorfer Born

Awọ ara mi ló fà á. Ní ọdún 2018, ọdún kejì tí mo dé Berlin, òtútù àti omi ilé wa ní Reinickendorf ti sọ apá àti ẹsẹ̀ mi di ohun tó ń sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọṣẹ yòówù tí mo bá rà, ńṣe ló túbọ̀ ń gbẹ mí lára. Mo ráhùn fún àbúrò ìyá mi obìnrin tó ń gbé ní Osdorfer Born, ní Hamburg, ó sì ní kí n wá lópin ọ̀sẹ̀, kí òun kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá màlúù ṣe ọṣẹ. Ó ní a ó fi èyí tó bá ṣẹ́kù ṣe àbẹ́là. Mi ò ṣe ọṣẹ rí. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, mo sì gbà pé ohun tí èèyàn bá ti lè kà, èèyàn á lè ṣe é.

Àǹtí mi ti lò ju ogún ọdún lọ ní Hamburg. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ́fíìsì ló ń fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ríṣẹ́ sí Altenheim kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó bí síbẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé lókè ilé gíga kan.

Kí n tó kanlẹ̀kùn ni òórùn náà ti pàdé mi, bí ìgbà tí eku bá kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lákòókò òjò. Àǹtí mi ti lọ gba ọ̀rá lọ́dọ̀ alápatà kan ní Billstedt, àpò dúdú méjì, ó sì ti gbé e sórí Balkon, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọ síta lókè ilé, fún ọjọ́ mẹ́ta. Òtútù ló gbọ́kàn lé, ṣùgbọ́n oòrùn yọ láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tó tú àpò náà, ibì kan funfun, ibì kan ní àwọ̀ ọyún, ẹ̀jẹ̀ dúdú àti awẹ́ ẹran sì rọ̀ mọ́ ọn.

Mo bi í bóyá kò tíì bàjẹ́. Ó tẹ orí ba àpò náà títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ní ọ̀rá kì í bàjẹ́, kí n wá gé e kéékèèké.

Mo gé e. Ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń há sí abẹ́ èékánná mi. A dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi àti iyọ̀, a sì fi iná kékeré sí i. Ìfófòó eléérú yọ, ó ru sókè, ooru rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé, ó lẹ̀ mọ́ irun orí mi. Ọmọ rẹ̀ yọjú láti yàrá, ó fún imú, ó ní, “Mama, das stinkt.” Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn ní Yorùbá pé ohun gbogbo ló ń rùn sí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ọmọ náà wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó jáde. Èmi náà sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó lè máa dún, mo sì bì.

Nígbà tí a ó sẹ́ ẹ, ìkánjú kí n lè kúrò níbẹ̀ mú kí n lo asẹ́ olójú ńlá. Mo rí awẹ́ ẹran tó ń bá ọ̀rá náà kọjá, mo sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní ti sódà tó ń jóni: inú omi ni wọ́n ń da sódà sí, ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, á ta sí i lójú. A wọ ìbọ̀wọ́, a fi awò bojú. Omi náà gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná. A dà á mọ́ ọ̀rá náà, a rò ó títí ó fi ki bí ògì gbígbóná, a sì rọ ọ́ sínú páálí mílíìkì.

Ní ọjọ́ kejì ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì fi ahọ́n kan ọ̀kan. Ó ní tí ó bá ta ahọ́n, sódà rẹ̀ kò tíì kú. Ó mi orí bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò, ó ní kí èmi náà ṣe é. Mo ṣe é. Ẹran jíjẹrà tí a fi ọṣẹ bò ni mo tọ́ wò, kò sì kúrò lẹ́nu mi títí mo fi padà sí Berlin. Àbẹ́là tí a fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe tanná ran òwú rẹ̀ ló ń rú èéfín dúdú, ilé ń rùn bí ìkòkò ẹran tó jóná mọ́dìí. Àǹtí mi jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọṣẹ náà yóò fi gbẹ. Yàrá kan ni mo ní, nítorí náà mo tò ó sórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi. Òórùn rẹ̀ ti mọ́ imú mi lára nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ọjọ́ kan, níbi ìpàdé ní ọ́fíìsì, ẹnì kan rọra béèrè bóyá oúnjẹ ẹnì kan ti bàjẹ́ nínú báàgì. Gbogbo wa ń wá inú báàgì wa kiri. Mo gbé ọrùn ẹ̀wù mi sí imú, mo sì rí i pé èmi ni.

Mo délé, mo gun àga. Ọṣẹ náà ti yọ ojú-ojú bí ìpẹtà, ó ń làágùn òróró, awẹ́ ẹran tí mo dákẹ́ lé lórí ti dúdú sínú rẹ̀. Mo dà á nù, àfi ẹyọ kan tí mo dì sínú ike. Lópin ọ̀sẹ̀, mo gbé e lọ bá Àǹtí mi tìbínú-tìbínú.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn ohun tí a ṣe.”

Ó gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀. “Ó dáa náà,” ni ó wí.

Mo ń wò ó. “Ṣé ẹ tiẹ̀ ń gbóòórùn rárá?”

Ó gbé ọṣẹ náà kalẹ̀. “Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti gbóòórùn nǹkan kẹ́yìn.”

Ó ní òun rò pé oògùn tí òun fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló pa imú òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ní Altenheim, imú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé arúgbó kan ti yàgbẹ́ sára. Òun a máa fọwọ́ wo àwọn arúgbó náà ní wákàtí wákàtí, kí àwọn ọ̀gá òun má bàa mọ̀, kí wọ́n má lé òun.

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Warum hast du nie was gesagt?” ni ó béèrè, pé kí ló dé tí ìyá òun kò sọ ọ́ rí. Ó ń sunkún. Ó ní láti kékeré ni òun ti rò pé ọ̀bùn ni ìyá òun, ìdí nìyẹn tí òun kò fi mú ọ̀rẹ́ kankan wálé rí.

A ṣí fíríìjì lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà àti èmi ń gbóòórùn abọ́ kọ̀ọ̀kan: ọbẹ̀ tó ti hu irun, mílíìkì tó ti dì, ẹja tí omi aláwọ̀ ewé ti ń sun lára rẹ̀. Mo bì lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò fi pamọ́. Ìríra náà kò dínkù nítorí pé mo ti mọ ìdí rẹ̀. Àǹtí mi jókòó sórí àga ìdáná, ó ń wo bí a ṣe ń da oúnjẹ rẹ̀ nù, ó ń bẹ̀ wá pé kí a má bínú, ó sì ń bi wá báwo ni èyí ṣe ń rùn, báwo ni tọ̀hún.

Dókítà sọ fún un pé imú náà kò ní í padà. Àǹtí mi sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ẹ̀rù ń bà á, wọ́n sì ní kí òun àti ẹlòmíràn máa jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, a tún ọṣẹ ṣe, àdín àgbọn la fi ṣe é, ọmọ rẹ̀ ló sì gbóòórùn gbogbo rẹ̀ kí a tó rò ó. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí Àǹtí mi ṣe gé e tán, tó tún yọ ahọ́n sí i, mo yíjú sí fèrèsé.