Èébu Tó Gbóògùn

Ọmọ mẹ́ta ni Ìyá Olú bí, kò sí èyí tó ń jẹ́ Olú nínú wọn. Àwọn ẹlẹ́nu mímú ilé àyẹ̀wò ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí olú àti èébu ló ń tọ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, tó ń yọjú wò wọ́n láràárọ̀ bí abiyamọ. Bí èébu, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì, bá wọ èèyàn lẹ́dọ̀fóró, wọn á gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ onítọ̀hún wá fún un. Á gbin èébu náà, á fi oògùn sí i, á sì máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá hù, ó gbóògùn nìyẹn. Bó bá hù, olóríkunkun ni.

Lọ́jọ́ kan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ télọ̀ àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n gbé dé. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá ọkùnrin náà fínra tipẹ́. Òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ funfun Ìyá Olú, bó bá sì ti ń wọ̀n ọ́n, á ní: "Ìdí ń sanra o! Mo máa fi aṣọ kún un." Èébu tirẹ̀ kò hù rárá níbi tí oògùn wà. Inú Ìyá Olú dùn débi pé kò dúró de dókítà. Ó bá ìyàwó télọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Ó gbóògùn!"

Èébu ló ní lọ́kàn. Àìsàn ni obìnrin yẹn gbọ́. Ta ni kò mọ̀ pé àìsàn tó bá gbóògùn ti ń múra àtilọ? Nígbà tí dókítà ní oògùn nìkan lè má ká a, kí àwọn gé ibi tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró náà, tọkọtìyàwó kọ̀ jálẹ̀.

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó gbóògùn. Kí lẹ tún fẹ́ gé?"

Wọ́n ń fún télọ̀ lóògùn, ó ń rù, títí ó fi kú.

"Ṣé irọ́ ni àyẹ̀wò mi pa ni?" Ìyá Olú bi dókítà.

"Kò purọ́. Àmọ́ abọ́ yín ò ní ìtọ̀ ṣúgà, kò sì ní ẹran ara tó ti kú tí oògùn ò lè dé. Mo ti rí ẹni tí èébu tiẹ̀ gbóògùn tó kú, mo ti rí ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ olóríkunkun tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sílé. Àyẹ̀wò ń tọ́ wa sọ́nà ni, kì í ṣe ìlérí."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, Ìyá Olú ò lè gba iwájú ìsọ̀ télọ̀ kọjá mọ́. Bó bá wọ aṣọ funfun yẹn, á máa ṣe é bíi pé ọwọ́ kan ṣì ń wọn ìbàdí rẹ̀, orí rẹ̀ á sì wú. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀bi sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó télọ̀ yọ sí i ní ilé àyẹ̀wò.

"Èébu ló gbóògùn, ìyàwó wa," ni Ìyá Olú bẹ̀rẹ̀. "Mi ò là á yé ẹ. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Obìnrin náà kò bú u. "Ẹ jẹ́ kí n rí i, mà."

Ìyá Olú gbé abọ́ náà jáde nínú fìríìjì. Níbi tí oògùn ò dé, èébu náà tutù yọ̀yọ̀.

"Inú ọkọ mi lèyí ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ṣì wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Àmọ́ mo máa sun ún lónìí, kó kúrò nílẹ̀."

Ìyàwó télọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdérí abọ́ náà, bí ìgbà téèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sun ún. A ò bímọ. Kò sí nǹkan míì láyé tó ti ara ẹ̀ jáde."