Àkùkọ Tó Wà Nínú Fóònù Ó-Dọ̀la

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń rán bàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-Dọ̀la. Ẹ gbé bàtà fún un lọ́jọ́ Ajé, á ní, "Ó dọ̀la." Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á tún ní, "Ó dọ̀la." Bàtà náà á dára ṣá o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ló ń jókòó sí, òun àti òòlù rẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀ àti agolo gọ́ọ̀mù tó ń ta síni nímú. Èmi àbúrò rẹ̀ ni alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pákó kan ló dábùú àárín wa. Tí mo bá ń lọ aṣọ, mo ń gbọ́ gbogbo bó ṣe ń kùn.

Lákòókò tí mò ń sọ yìí, ìyàwó wa wà ní ọsibítù. Oyún oṣù mẹ́jọ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà ní kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Èyí tó kẹ́yìn, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi títí, fóònù wà nínú àpótí irinṣẹ́, òun ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà. Nígbà tó fi máa débẹ̀, ìyàwó ti sunkún tán, ó ń wo ògiri. Kò bá a jà rárá. Ìyẹn ló dun ẹ̀gbọ́n mi jù.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́tẹ̀ yìí, kó tó wọ wọ́ọ̀dù tí wọn kì í ti í jẹ́ kí aláìsàn lo fóònù, ìyàwó gba fóònù ọkọ rẹ̀. Ó fi nọ́ńbà tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì síbẹ̀, ó sì fún nọ́ńbà náà ní ohùn tirẹ̀: àkùkọ tó ń kọ.

"Bí o bá ti gbọ́ àkùkọ, ju òòlù sílẹ̀," ló wí.

Látọjọ́ náà, gbogbo wa ń retí àkùkọ. Nọ́ọ̀sì á pè nítorí oògùn tó yẹ ní rírà, àkùkọ á kọ, àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Á ju òòlù sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́. "Hẹ́lò? Ṣé ó wà láàyè?" Kì í kí ènìyàn mọ́, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Fóònù ọ̀hún ńkọ́? Ó ti lo ọdún méje. Ojú rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́ lókè, níbi tí orúkọ ẹni tó ń pè ti máa ń yọ, kò sẹ́ni tó lè kà á. Olè kan wà tó máa ń pè, tó ń pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báǹkì. Kí ojú fóònù tó fọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú orúkọ "Ma gbe e", kó má baà gbé e láéláé. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti fọ́, kò rí orúkọ kà mọ́, olè náà ń rí i mú dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi á sì fi èébú lé e lọ.

Fóònù náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Lọ́jọ́ kan, ó kú lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ní ká lọ bá obìnrin tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì títì. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó pòṣé.

"Bátìrì yín ti lóyún o. Ẹ ò wo ikùn rẹ̀?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ó lè bẹ́ nígbàkigbà, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹ ra tuntun."

"Ó dọ̀la."

Inú bí mi! "Ọ̀la wo? Bí wọ́n bá pè lónìí tó ti kú ńkọ́?"

"Bí mo bá wá pààrọ̀ rẹ̀, tí nǹkan sọnù níbẹ̀ ńkọ́? Mi ò mọ inú tuntun. Èyí, mo mọ ibi tó ti ń dùn ún."

"Ẹ jọ̀ọ́! Kí ló fẹ́ sọnù? Gbogbo ayé ló ń pààrọ̀ fóònù."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi tí ejò ò bù jẹ rí ni mò ń pariwo. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé fóònù yẹn dání bí ẹyin. Kò gbé e sápò, kó má baà bẹ́ mọ́ ọn lára. Kò gbé e sílẹ̀, kó má baà kú kó má mọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kú fún odindi wákàtí kan. Mo yọjú, mo rí ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó ti ń hu ewú, ó ń bẹ fóònù. "Jọ̀ọ́, jí. Jọ̀ọ́." Mi ò lè wò ó mọ́. Bó ṣe jí báyìí, mo fà á lápá lọ ra tuntun. Èmi ni mo tì í, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Obìnrin náà kó gbogbo ẹrù inú àtijọ́ sínú tuntun. "Nọ́ńbà igba ó lé mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, igba ó lé mẹ́rin náà ló dé ibí."

"Ti ọsibítù ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo ní."

Kò sẹ́ni tó bèèrè àkùkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí fóònù tuntun ń dún bí fóònù gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, mi ò sì rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. "Olè yìí tún ti dé! Ojú mi ti là o, mo rí orúkọ ẹ gbangba. Má gbé e!" Ó tún dún, ó tún dún, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èmi náà kígbe láti ẹ̀yìn pákó pé, "Ẹ jẹ́ kó pè títí ọwọ́ ẹ̀ á fi bó!" Inú mi dùn pé mo ti ṣe ohun tó dára.

Ó tó wákàtí kan lẹ́yìn náà kí òòlù tó dákẹ́.

"Àbúrò," ló wí, "àkùkọ ò tíì kọ láti àárọ̀."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ma gbe e" méjì ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù, ta ló sì ń kọ a méjì? Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ fún olè ni "Má gbé e." Ohun tí ìyàwó kọ fún ọsibítù ni "Máa gbé e." Ti ìyàwó ló pè lẹ́ẹ̀mẹrin, àkùkọ rẹ̀ ò bá a dé inú fóònù tuntun.

Yéè! Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, a sá jáde. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu mi bíi pé èmi ni nọ́ọ̀sì. "Ṣé ó wà láàyè?" Mo kígbe sí awakọ̀ pé kó sáré.

"Ẹ̀yin lẹ kì í gbé fóònù," ni nọ́ọ̀sì kí wa káàbọ̀. "Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Obìnrin ni. Ìyá àti ọmọ wà láàyè."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká wọlé, ó ń kólòlò. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà? Ṣé ìwé ni wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí?"

"Rárá," ni ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sun oorun. "Mo ti fọwọ́ sí i fúnra mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé mo lè má jí mọ́. Mo wá bẹ wọ́n pé kí n gbọ́ ohùn ẹ kí wọ́n tó gún mi lábẹ́rẹ́. Mo ní, ẹ tún pè é, á gbé e. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ fún un."

Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ògiri.

Ọmọ yẹn ti ń sáré káàkiri abẹ́ àtẹ̀gùn báyìí, ìyá rẹ̀ sì ti ń bá bàbá rẹ̀ ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìpè tí ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé mọ́, ì báà ṣe ti ta ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olè yẹn pè. Mo gbọ́ tí òòlù bọ́ sílẹ̀, kí olè tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ti ní, "Hẹ́lò? Ṣé ó wà láàyè?"

Olè gé fóònù. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn pákó, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó tún gbọ́ ìró òòlù.