Ọ̀rọ̀ Sípéènì Tó Gba Oorun Lójú Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, èmi nìkan ni mo mọ̀wé kà nínú ilé wa. Ẹnu mi ni ìròyìn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ti jáde. Bàbá mi ti lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní erékùṣù kan tí àwọn ará Sípéènì ń ṣàkóso. Ọdún méjì ló dá fún wa. Ọdún méjì pé, ó lé oṣù mẹ́rin, a ò rí i. Ìgbà náà ni lẹ́tà dé láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lóko. Yorùbá ló fi kọ ọ́, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Wọ́n ti fún ọkọ yín ní esposas. Kò ní lè tètè wálé. Ẹ ní sùúrù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa tó ti gbé erékùṣù náà rí. Ó ní ìyàwó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti pé ti inú lẹ́tà yìí ju ẹyọ kan lọ.

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, ó jókòó ti ẹja tó ń yan títí ẹja fi jóná lójú rẹ̀. Orogún kì í ṣe ohun tuntun ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹni tó bá fẹ́yàwó sókè òkun kì í sábà padà. Ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi sùn. Ó ń bi mí léraléra bóyá mo kà á dáadáa, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé mo ti fi ẹnu mi tú ilé wa ká.

Lọ́jọ́ keje, a gbọ́ pé ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé sí Ìkòròdú. A wọkọ̀, a gba Ìmọ̀ta lọ. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú ní gbogbo ọ̀nà débi tó fi ń dùn mí.

Ọkùnrin náà ka lẹ́tà, ó ní kí ìyá mi jókòó ná.

“Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún yín ò purọ́, màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n tún fi ń pe ṣẹkẹṣẹkẹ tí ọlọ́pàá fi ń de èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n ti mú ọkọ yín ni.”

Ó ṣàlàyé pé olùkọ́ kan níbẹ̀ sọ fún òun pé inú ìlérí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: ẹni tí o bá ṣèlérí fún, o ti so ara rẹ mọ́ ọn. Ó ní òun ti gbọ́ nípa bàbá mi kí òun tó kúrò níbẹ̀, pé olóko kọ̀ láti tú u sílẹ̀ nígbà tí àsìkò rẹ̀ pé, ló bá sá lọ sétí òkun láti wá ọkọ̀ tó ń bọ̀ nílé, ibẹ̀ sì ni ọlọ́pàá ti mú un.

Ìyá mi ní, “Ì bá kúkú fẹ́yàwó.” Ló bá bú sẹ́kún.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni bàbá mi dé, ó rù, àpá sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ ohun tí a rò láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn fún un. N kò sọ ọ́ títí àwọn méjèèjì fi kú.

Ayé ti yí padà. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, ìtumọ̀ méjèèjì á jáde lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kan wà lókè òkun lónìí, mo sì ń rí ojú rẹ̀ lórí fóònù bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ní kò séwu fóun. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí n rí i.