Ìdajì Eré Tí Mo Kà

Bí ẹ bá pàdé mi ní Ṣómólú, ẹ ò ní tíì kí mi tán tí màá ti máa bi yín pé eré wo lẹ kà gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ mi ní àrùn ni, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan tí ariwo màṣíìnì kì í dákẹ́ níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n máa fàlà sí ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó. Mo ń ka ìwé àdúrà, mo ń ka kàlẹ́ńdà, mo ń ka bébà tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ. Ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá èyí tí àwọn tó ṣì ń mí kọ.

Inú sì máa ń bí mi o. Tísà kan á wá wá eré tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ṣe, á ní èyí táwọn àgbà kọ láyé ọjọ́un lòun ń fẹ́. Màá ní, "Ṣé àwọn tó wà láàyè ò mọ ìwé kọ ni? Àbí ó dìgbà tí wọ́n bá kú kí ẹ tó ka tiwọn?" Màá wá fi eré àwọn ọmọ ìyá méjì kan hàn án, àwọn tó ń jà lórí ilé bàbá wọn ní Ọ̀bánikòró. Ẹ̀gbọ́n ń ti ilẹ̀kùn iwájú pa, àbúrò ń ti ti ẹ̀yìn, bàbá tí wọ́n ń pín ilé rẹ̀ sì wà nínú yàrá, ó ń sùn, kò tíì kú. Bí tísà náà bá fẹ́ lọ láìmú un, màá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, màá máa sọ ìtàn náà fún un lọ.

Àwa méjì là ń ka ìwé níbi iṣẹ́ wa, èmi àti bọ̀dá kan, ọmọ Ọ̀yọ́, Mùsùlùmí, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá nídìí. Kí iṣẹ́ lè yá, ṣe la máa ń pín ìwé sí méjì: èmi á ka ìdajì àkọ́kọ́, bọ̀dá á ka ìdajì kejì. Àtúnṣe tí ọ̀kan nínú wa bá ṣe, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó wọ inú ìwé. Bí wọ́n bá wá di ìwé tán, màá mú ẹ̀dà kan lọ sílé, màá ka ìyókù níbẹ̀. Òfin kan ni mo ṣe fún ara mi, pé n kò ní júwe eré tí n kò kà tán fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rú u.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ó jù mí lọ dáadáa, màmá ni mo ń pè é. Ará Ìlàjẹ ni, ẹja ló ń yan tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, màmá kò dáná sí ààrò ẹja mọ́, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò jókòó síta. Bí a bá lọ kí i, á ní, "Ẹ ṣé o," á sì kọjú sí ògiri. Ó ń rù lójú wa, ẹ̀rù sì ń bà wá pé a máa pàdánù òun náà.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ṣe eré, eré tó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín, bóyá àwọn lè fi fa màmá jáde. Ta ni wọ́n máa bi bí kò ṣe èmi? Eré tuntun kan sì wà lórí tábìlì wa lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin kan láti Abúlé Òkúta ló kọ ọ́. Mo ti ka ìdajì tèmi, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló wà nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ gbé ọmọ olówó níyàwó, ìyá ìyàwó wá ní òórùn ẹja kò gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́tò ìgbéyàwó. Ìyá ẹlẹ́ja dá a lóhùn pé, "Ẹ ní kí fọ́tò yín máa dimú."

"Mo ní in!" ni mo sọ fún àwọn ìyá náà. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rín ni." Òpin tí n kò tíì fojú rí.

Bí gọ́ọ̀mù ṣe gbẹ lẹ́yìn àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ ni mo kó lọ fún wọn, títí kan èyí tí ǹ bá mú lọ sílé. Èmi fúnra mi ni mo gbé ti màmá lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń ka ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja sókè. Nígbà tí mo dé ibi fọ́tò tó ń dimú, mo gbọ́ nǹkan kan bí ikọ́. Háà! Màmá ló ń rẹ́rìn-ín! Ó nawọ́, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní òun lòun máa ṣe ìyá ẹlẹ́ja náà. Inú mi dùn débi pé n kò rántí wọ kéké, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sí Ṣómólú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bọ̀dá ń ka ìwé àdúrà lọ́wọ́, ó ṣàdédé gbójú sókè. Ó ní, "Eré ọmọ Abúlé Òkúta yẹn, ìparí rẹ̀ mà fa omi lójú mi o."

"Omi kẹ̀? Bọ̀dá, eré ẹ̀rín nìyẹn."

"Ìwọ ò tíì kà á tán ni? Ọmọ ẹlẹ́ja yẹn kú sómi. Ìyá rẹ̀ dúró létí omi, ó ń pè é."

Mo jókòó sórí òkìtì bébà. "Yéè, mo gbé!" Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ màmá fún bọ̀dá, ó gbé ìwé àdúrà sílẹ̀, ó ní, "Lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kà débẹ̀. Tètè." Mo ki eré àwọn ọmọ tó ń jà sílé bọ inú báàgì, mo bá wọ kéké. Mo ń bú ara mi lọ lọ́nà ni. Ìwọ ẹlẹ́nu yìí, ẹnu rẹ ti kóbá ọ. Bí obìnrin yìí bá padà wọnú yàrá rẹ̀ lọ, kò ní jáde mọ́, ìwọ lo sì tì í.

Níwájú ààrò ni mo bá màmá, iná sì wà nínú ààrò. Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀, epo ẹja ti kan ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níwèé yẹn. Òmíràn rèé. Ìdajì ni mo kà, n kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí."

"Mo ti kà á tán lọ́jọ́ tí o mú un wá," ni màmá wí. "Dìde nílẹ̀."

N kò dìde. Ó yí ẹja kan padà kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí wọ́n rí ọmọ mi, wọ́n ní ìyá kì í dé ibi sàréè ọmọ. Mo jókòó sílé. Mo fẹ́ sunkún, wọ́n ní òkú ọ̀fọ̀ ni, kí n gbé e mì nítorí àwọn tó kù. Bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á ní 'Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe.' Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Nínú ìwé yìí, wọ́n ní kí ìyá dúró létí omi, kó pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ní kó dákẹ́. Òun lo wá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Mo dìde, mo dá eré tí mo mú wá padà sínú báàgì. Nígbà tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ bí eré náà ṣe parí, wọ́n fẹ́ pa á tì, màmá ní bí wọn kò bá ṣe é, òun nìkan á ṣe é níwájú ààrò. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé ó lè bọ́ sódì. N kò jẹun dáadáa títí ọjọ́ ìkórè fi pé.

Èmi ni wọ́n ní kí n mú ìwé jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, kí n máa rán ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ létí. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ aṣọ búlúù sílẹ̀ bí omi, màmá sì wá dúró sí etí rẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo rò pé mo ti pa ọ̀rẹ́ mi. Mo rọra sọ orúkọ tó wà nínú ìwé fún un, orúkọ ọkùnrin.

Ó wò mí, ó sì mi orí pé rárá. Ó kọjú sí aṣọ náà, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló pè é, ẹkún sì gbà á. Ìyá kan dìde lẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé "ó tó o" ló fẹ́ sọ. Mo gbá aṣọ rẹ̀ mú, mo fà á jókòó. Màmá sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sí ẹni tó dá a lẹ́kun. Nígbà tó ṣe tán, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó kù láìgbàgbé ọ̀kan.

Ní Mọ́ńdè, mo ṣí ẹ̀dà tí mo fi jókòó síwájú yẹn sórí tábìlì wa. Mo mú bírò pupa, mo fa igi lé orúkọ tó wà níbẹ̀, mo kọ èyí tí màmá pè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bọ̀dá na ọrùn wò ó. "Ta ló ṣe àtúnṣe yìí?"

"Ìyá ọmọ ni."

Bọ̀dá gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ sí i.