Ìrọ̀lẹ́ Tí A Fi Ìyá Wa Dán Iná Ọkọ̀ Wò

Títí di òní, bí ọkọ̀ kan bá yọ sí mi lójijì lálẹ́ pẹ̀lú iná funfun, àyà mi máa ń já kí n tó rántí pé inú ọkọ̀ tèmi náà ni mo wà. Ìrọ̀lẹ́ kan ní abúlé wa, lẹ́yìn Akínyẹlé, ló fi ìjáyà yẹn sí mi lára. Ọwọ́ ìyá mi wà nínú ọwọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì ni mo ní, awakọ̀ sì ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ń kó ata, tòmátì àti ẹ̀gẹ́ láti àwọn oko àyíká wa lọ sí ọjà Ṣáṣá. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni wọ́n ń wà, irú kan náà, àwọ̀ kan náà, ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n ti rà á, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àlejò á rò pé ojú òun ló ń ṣe méjìméjì. Iná iwájú nìkan la fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fi iná tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàìbàì ló ń tàn, ó pọ́n bí àtùpà tí èéfín ti bo ìgò rẹ̀. Ó ní ohun tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ bá fi sí i, ó ní ìdí tó fi fi í síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kejì kò lè fara da irú iná bẹ́ẹ̀. Ó ti já sí kòtò nítorí rẹ̀, ó ti fi gbá ewúrẹ́ ẹnì kan ní abúlé kejì, ó sì ti sú u. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó ra gílóòbù funfun tí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀ nígbà náà, ó ní kí wọ́n bá òun fi í sójú ọkọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ tàn án nínú agbo ilé wa, àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, wọ́n rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì jáde pẹ̀lú búta àlùwàlá lọ́wọ́, ó ní, "Ṣé àsùbáà ti tún tó ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Láti ọjọ́ yẹn ni àríyànjiyàn ti wọlé tì wá. Bí wọ́n bá ti jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ iná ni.

"Iná yẹn ń fọ́ èèyàn lójú," ẹ̀gbọ́n mi àgbà á ní. "Nígbà tí a pàdé lánàá, ọwọ́ kan ni mo fi bojú, ọwọ́ kan ni mo fi wakọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o," ẹnìkejì á dá a lóhùn. "Ẹni tó bá ń fi àtùpà wakọ̀ kò gbọdọ̀ máa bá oòrùn jà."

Ó kúkú yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, mo gba yàrá kan sí Ajíbọ́dẹ̀, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ló sì dá mi padà sílé. Ẹni tó bá rí mi lákòókò yẹn á rò pé èmi ni mo dá ìwé sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni mo ń kọ́, n kò mọ nǹkan kan nípa iná ju kí n tẹ̀ ẹ́ kó tàn. Síbẹ̀ mo nahùn, mo ní ìjà kì í tán nídìí abọ́, ìwádìí ló ń parí rẹ̀. Mo ní kí ẹnì kan dúró sẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí àwọn méjèèjì wa ọkọ̀ wọn bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kálukú fọn fèrè níbi tó bá ti kọ́kọ́ rí ẹni náà. Ẹni tó bá fọn ún láti ọ̀nà jíjìn, iná tirẹ̀ ló dára.

"Ta ni yóò dúró?" ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà béèrè.

Mo wo ìyá wa. Ó ń ha ọkà tó kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ti wá sọ mí di òpó iná báyìí?" Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kí ìjà náà tán ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ó ní bí èyí bá lè jẹ́ kí àwọn ọmọ òun jẹun ní ìrọwọ́rọsẹ̀, òun á dúró.

Ọjọ́ kejì, bí a ti kírun màgàríbì tán, a jáde. Títì ọlọ́dà kan wà tó la àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá lẹ́yìn abúlé wa, ó tọ́ gbọọrọ, kò sí iná ìjọba níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni ìyá wa ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ìdájí lọ sí oko ata rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń di ẹrù lọ sí Ṣáṣá. Ó wọ ìbòrí aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń wọ̀ lọ sóko. Mo dúró tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, fóònù wà lọ́wọ́ mi kejì kí n lè fi ya fídíò.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló kọ́kọ́ wá. A rí iná rẹ̀ tó ń pọ́n bọ̀ láti òkèèrè, kò yọ wá lẹ́nu, a rí ilẹ̀ ibi tí a dúró sí dáadáa. Mo ń retí fèrè. Ọkọ̀ ń bọ̀. Mo ṣì ń retí. Ó dé ọ̀dọ̀ wa kí fèrè náà tó dún, ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí igbe ẹni tí wọ́n ká mọ́, atẹ́gùn ọkọ̀ sì fẹ́ ìbòrí ìyá wa bo mi lójú. Bí mo bá na ọwọ́, ǹ bá fi kan ara ọkọ̀ náà. Ó dúró níwájú, ó sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti bò ó.

"Màámi, mi ò rí yín," ló ní. "Wallahi, mi ò rí yín rárá."

Ìyá wa dáhùn pé, "Mo mọ̀." Bó ṣe sọ ọ́ kò mú ìyàlẹ́nu kankan dání. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gbé mi lọ, nítorí ìhà ẹ̀gbọ́n mi kejì ni mo wà látilẹ̀.

Ó wá kan òun. Bó ṣe yọ ní ìpẹ̀kun ọ̀nà báyìí ni fèrè rẹ̀ dún, ó ṣì jìnnà réré. Mo fò sókè, mo pariwo pé, "Ó ti rí wa! Ó ti rí wa!" Gbogbo ewé ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa wọ́n. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún ń fọn fèrè náà léraléra bó ṣe ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni iná yẹn dé ojú wa. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Kì í ṣe pé ó mọ́lẹ̀. Ńṣe ni ayé parẹ́. N kò rí ọ̀nà, n kò rí oko, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi. Òkùnkùn ni, àmọ́ òkùnkùn funfun. Mo gbé ọwọ́ sókè láti fi bojú, ọwọ́ tí mo gbé sókè náà ni mo ti fi di ìyá mi mú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi máa nawọ́ padà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo gbọ́ bíréèkì. Mo gbọ́ táyà tó ń ha ilẹ̀, mo gbọ́ ariwo igi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣẹ́ lọ wààrà, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ń sáré bọ̀, ó ń pariwo, "Láìláà illálláhù! Láìláà illálláhù!" Ọkọ̀ ti wọ inú oko, iná rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì sì ń tan òkè bí ẹni ń wá nǹkan lójú ọ̀run.

Ìyá wa wà láàárín títì. Ó dúró ṣinṣin lórí ìlà tí wọ́n kùn sí àárín ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì dì mọ́ àyà, ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì. Fátíhà ló ń kà. A dì í mú, kò sí ibi tó ṣèṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kejì rá jáde láàárín àwọn ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ níwájú orí, bó ṣe rí i pé ìyá wa wà láàyè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

"Màámi, kí lẹ wá dé àárín ọ̀nà?" ó ń béèrè. "Mo rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́! Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti rí yín!"

Ìyá wa la ojú. Ó ní, "Mo gbọ́ fèrè rẹ, mo rò pé o ní kí n yà fún ọ ni. Mo fẹ́ wọ igbó. Mi ò mọ ìhà tí igbó wà mọ́." Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní, "Bí kì í bá ṣe ti fèrè ni, ǹ bá dúró jẹ́ẹ́, kí n dijú títí tí o fi máa kọjá. Bí mo ṣe máa ń ṣe ní ìdájí nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní, "Ní ìdájí wo?"

"Ìdájí gbogbo. Àwọn oníná funfun, mo máa ń dijú fún wọn. Àwọn oníná pupa, mo máa ń wọ inú koríko, nítorí wọn kì í rí mi." Ó fọwọ́ kan apá ọmọ rẹ̀ àgbà. "Ìwọ náà ti kọjá lára mi lọ́pọ̀ ìgbà. Díńgí ọkọ̀ rẹ gbá agbọ̀n ata mi dànù lọ́jọ́ kan. Mo pè ọ́, o ò gbọ́."

Agbọ̀n yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó ti sọ fún wa pé òun kọsẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ọ̀dà. Nígbà tó yá, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá wa le koko. Ìyá wa kò gbà kó sọ òun kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a pe réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe wá láti Mọ́níyà. Ohun tó bá wa sọ kò gùn. Gílóòbù funfun yẹn kì í ṣe ti irú ojú iná ọkọ̀ wa, ìdí nìyẹn tó fi ń tú káàkiri tó sì ń gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ọkọ̀ wá ní tirẹ̀ kò burú. Ìgò rẹ̀ ló ti di bí ojú tí awọ bò, wáyà rẹ̀ sì ti dípẹtà. A yọ funfun kúrò. Wọ́n pààrọ̀ ìgò ọkọ̀ méjèèjì àti wáyà wọn, gílóòbù bíi ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì kojú wọn sí ògiri ilé wa títí ìmọ́lẹ̀ náà fi wálẹ̀ síbi tó yẹ. Nígbà tí a tàn án lálẹ́, ó dára débi pé ojú ti gbogbo wa. Ohun tí a ti ń jà lé lórí láti oṣù dé oṣù, ìgò tó dọ̀tí ni. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. N kò mọ̀ pé ojú ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti ń gbé ìyá wa dé oko kó tó lọ di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi kejì ṣì ní àpá níwájú orí. Kì í sọ̀rọ̀ iná mọ́, ẹni bá fi í dápàárá, á dìde níbẹ̀.

Ọlọ́dò ni mò ń gbé báyìí, èmi náà sì ń wakọ̀. Ìyá wa ti dàgbà, kì í lọ sóko mọ́. Ní àìpẹ́ yìí, nígbà tí mo lọ kí i, mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́: kí ló dé tí kò sọ fún wa ní gbogbo ọdún yẹn? Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Kí n sọ ọ́, kí wọ́n wá máa bẹ̀rù òkùnkùn?" ó ní. "Ta ni ìbá gbé ata wa dé Ṣáṣá?"

Ẹnu yà mí, ó sì ń yà mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, pé obìnrin kan lè máa dúró sẹ́bàá ọ̀nà ní ìdájí, kó dijú, kó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ọkọ̀ ọmọ bíbí inú rẹ̀ kọjá lára rẹ̀, kó tún lajú, kó tún agbọ̀n gbé, kó sì máa bá ọ̀nà oko lọ.