Bìlísì Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Yàrá Opó

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé tẹlifíṣọ̀n kì í kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Inú yàrá kan nílùú Ọ̀fà ni mo wà nígbà tí mò ń ṣe opó ọkọ mi, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Mi ò lè lọ sọ́jà, mi ò lè lọ síbi ìnáwó, mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Ìjàgbó. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri ilé kejì. Tí mo bá ṣí i, síméńtì ni mò ń wò. Torí náà, bìlísì inú tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ṣe aládùúgbò.

Àbúrò ọkọ mi ló gbé tẹlifíṣọ̀n náà wá láti pálọ̀. Ìyá ọkọ mi, Alhaja, yarí. Ó ní, "Opó wo ló ń wo fíìmù?" Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ kó máa wò ó. Ìrònú nìkan tó èèyàn pa." Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò gbé ẹsẹ̀ kan wọ yàrá, nítorí opó ni mí, ó sì mọ òfin. Ó na wáyà sí ọmọ mi obìnrin, ó sì ń júwe fún un láti ibẹ̀ bó ṣe máa kì í bọ iná. Mo ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi." Bí a ṣe ń pe gbogbo ẹni tí a bá nílé ọkọ nìyẹn, tọkùnrin tobìnrin. Mi ò ro nǹkan kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kó lè yé yín. Nílé ọkọ mi, bí ọkùnrin bá kú, àbúrò rẹ̀ ló ń ṣú opó rẹ̀. Wọn ò fi ipá ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń retí ẹ̀. Bí mo bá gbà, màá wà nínú ilé, èmi àti ọmọ mi. Bí mi ò bá gbà, ilé kì í ṣe tèmi, yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni màá kó lọ. Ọmọ ńkọ́? Baba ló lọmọ, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ó ti ga jù mí lọ, ó wà nílé-ìwé girama, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun ló kù fún mi. Bí wọ́n bá gba òun lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún wá dúró ṣe láyé?

Ẹ padà sọ́dọ̀ bìlísì mi. Síríìsì ni, òyìnbó ló ṣe é, wọ́n wá fi Yorùbá sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló ń bẹ̀rẹ̀. Ààfin wà níbẹ̀, oṣó wà níbẹ̀, adágún omi kan wà tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mi ò wo ìyẹn. Bìlísì ni mò ń wò. Kò níwo, kò nírù. Aṣọ funfun ló ń wọ̀, eyín rẹ̀ gún régé, ohùn ẹni tó ń bá a sọ Yorùbá yẹn, háà, oyin ni! Kì í bínú, kì í pariwo, kì í fipá mú èèyàn. Òfin kan ló de òun náà: kò lè gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi tí onítọ̀hún bá fi ẹnu ara rẹ̀ fún un.

Ìran tí mi ò lè gbàgbé ni ti alágbẹ̀dẹ kan tí iná jó lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bìlísì bá wá, ó pọn omi fún un, ó ń wẹ egbò rẹ̀, ó ń dáná, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá jọ ta ayò ìlú wọn, á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ jẹ òun. Nígbà tó pẹ́, alágbẹ̀dẹ bú sẹ́kún. Ó ní, "Kí ni mo lè fi san oore yìí?" Bìlísì ní rárá o, kò sí nǹkan kan. Ó tún bi í, bìlísì tún kọ̀, ó ń fi aṣọ nu omijé rẹ̀. Nígbà tó wá bi í lẹ́ẹ̀kẹta, bìlísì ní, "Ó dáa, tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Fún mi ní ojú ìyá rẹ." Alágbẹ̀dẹ rò pé eré ni. Ó ní, "Gbà." Láti ọjọ́ náà, kò rántí bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí mọ́. Ó ń rántí orúkọ rẹ̀, ó ń rántí ọbẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ti lọ. Mo sunkún títí ìborùn mi fi tutù.

Ọmọ mi ò sunkún ní tiẹ̀. Ó ní, "Mummy, kí ni bìlísì ṣe gan-an? Ṣebí alágbẹ̀dẹ ló fún un."

Mo ní, "Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. O ò gbọ́ ọ rí ni?"

Ó ní, "Ta ló ní kó jẹ ẹ́?"

Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Kí n má sì parọ́, èmi náà fẹ́ràn bìlísì yẹn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, màá ti tún ìborùn mi ṣe, màá ti nu ojú mi, bí ẹni pé ó ń rí mi láti inú tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin tí kò rí èèyàn, ẹ má bú u.

Nínú ilé, àbúrò ọkọ mi ń ṣe tiẹ̀. Bí iná bá lọ, kí n tó sọ pé ooru ń mú mi, mo ti gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Bó bá ń bọ̀ láti ọjà Ójókù, á ra iṣu tó dára jù, á ní ti ìyàwó wa ni. Òun ló ń gbé ọmọ mi lọ sílé-ìwé láràárọ̀. Bàtà ọmọ já, ó ti rán an kí n tó mọ̀. Bó bá dé ìrọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí mi, á sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa pa mí lẹ́rìn-ín, á lọ. Ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ bá opó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kó tó jáde, ẹ̀sìn kọ̀ ọ́. Kò sọ ọ́. Kò sọ nǹkan kan rárá.

Lọ́jọ́ kan, nínú síríìsì, bìlísì mú ọmọbìnrin ọba kan sínú ilé dáradára kan. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ò tì o. Máa lọ nígbàkúgbà tó bá wù ọ́." Ọmọ náà fẹ́ lọ lóòótọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síta, ni bìlísì bá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ láti ìdí àdògán: "Oúnjẹ rẹ ti jinná. Ṣùgbọ́n máa lọ, mi ò bínú." Ọmọ dúró. Ọmọ wo ẹ̀yìn. Ọmọ bá padà wọlé! Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Mo pariwo, "Jáde! Jáde níbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé orí ẹ ò pé ni?"

Alhaja sáré wọlé. "Ta lò ń lé jáde nínú ilé yìí?"

Ọmọ mi ti ń yí lórí ẹní fún ẹ̀rín. Alhaja bú mi títí, ó ní opó tó ń pariwo, kí aráàlú lè sọ pé àwọn ò tọ́jú mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín dénú látìgbà tí ọkọ mi kú nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ọ̀kan tó wà lẹ́yìn pátápátá. Mo ké títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi mú orín àtà wá, wọ́n ti gé e, wọ́n ti bó o, wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé e. Ó ní Uncle ló ní kí òun kó o fún mi. Mo run ún. Ó korò díẹ̀, ó sì ta eyín náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti ń jẹ ẹran.

Ni Alhaja bá wọlé wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. O ti run orín ọkọ rẹ."

Mo ní, "Orín wo, Alhaja?"

"Èyí tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Àbí o ò mọ̀ ni? Látijọ́, bí ọkùnrin ilé bá fẹ́ ṣú opó, kì í fi ẹnu sọ ọ́, orín ló ń fi ránṣẹ́. Bí opó ò bá fẹ́, á dá a padà. Bí wọ́n ṣe ṣú èmi náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà, kí wọ́n má baà ní ojú ń kán mi. Ìwọ ò tilẹ̀ dá a padà lẹ́ẹ̀kan!" Ó rẹ́rìn-ín.

"Háà, Alhaja, eyín ló ń dùn mí!"

"Ṣé mo ní kò dùn ọ́? Ta ló wò ó sàn?"

Mo ní nínú ọkàn mi pé ejò lọ́wọ́ nínú. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ìyàwó, eyín ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti san, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ orín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi orín sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn, má dá wọn lóhùn. Ta ló máa fi ipá mú ọ nílé yìí?" Kò ní òun mọ̀, kò ní òun ò mọ̀. Ó wá bi mí irú ẹja tí mo fẹ́ kí òun rà bọ̀ lọ́la.

Ẹ wo bí mo ṣe há! Ká ní ó ń lù mí ni, màá ké, àwọn èèyàn mi á gbọ́. Ká ní ó bú mi, màá bú u padà, ẹnu mi ò kú. Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ? Ṣé kí n ní ó ra iṣu fún mi? Ṣé kí n ní ó wo eyín mi sàn? Wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Mo ṣí fèrèsé, mo wo síméńtì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọkùnrin náà wù mí. Ó wù mí gan-an. Mi ò kàn mọ̀ bóyá èmi ni mo fẹ́ ẹ, àbí oore rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ fún mi.

Ọjọ́ tí mo jáde opó, mo wẹ̀, mo bọ́ aṣọ dúdú, mo wọ èyí tí èmi fúnra mi rán. Ààfáà ṣàdúà, àwọn ẹbí jókòó sí pálọ̀, ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àgbà ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ní, "Ìyàwó wa, a dúpẹ́. A ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu Alhaja. Bẹ́ẹ̀ náà ni, àbí?" Gbogbo ojú bá wò mí. Bí mo bá ti tẹrí ba báyìí, ó parí. Wọn ò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Eyín ló ń dùn mí tí mo fi run orín."

Àbúrò ọkọ mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ó dáa. Mo bi ọ́ báyìí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Kò rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín rí. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jọ ọkọ mi. Ká ní ó ti bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà nínú yàrá, ǹ bá ti gbà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́.

Mo ní, "Rárá, ọkọ mi. Ẹ ṣé gan-an ni. Rárá."

Ariwo sọ. Alhaja ká ọwọ́ lérí, ó ní mo ya aláìmoore. Àbúrò ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni." Ẹ̀rín náà ti padà. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti bọ́. Ó wá yíjú sí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́?"

Ọmọ mi wò mí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mummy, ìdánwò mi ti sún mọ́lé. Yàrá ṣọ́ọ̀bù yẹn ò níná. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí ná."

Kò sẹ́ni tó rán an. Mo fẹ́ bínú sí ẹnì kan, mi ò rí ẹni tí màá bínú sí.

Ìjàgbó ò jìnnà sí Ọ̀fà, ẹni tí ara rẹ̀ le á fẹsẹ̀ rìn ín. Síbẹ̀ àbúrò ọkọ mi ló lọ pe mọ́tò, òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù mi sí i, ó ní kí dẹ́rẹ́bà rọra wakọ̀ nítorí kòtò. Ó wá padà lọ dúró ti ọmọ mi níwájú ilé, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo wo ọwọ́ náà láti inú mọ́tò títí a fi yí kọ́nà. Kò dì í mú rárá. Ọwọ́ náà kàn wà níbẹ̀ ni.